Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Rẹ Pọ́ǹpù Ọkọ̀ Yín Sílẹ̀ Nítorí Ọjọ́ Àyẹ̀wò Èéfín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Pákó ni mò ń tà ní Iléṣà níbí. Mo ní ọkọ̀ tòkunbọ̀ onítáyà mẹ́wàá kan, ti 1996, ó ní tọ́bò, kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan. Òun ló ń bá mi kó pákó láti sọ́míìlì lápá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà wá sílé, òun náà ló ń kó o lọ sí Èkó. Ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ máa rajà lọ́wọ́ mi ti wá ní ọkọ̀ kankan kò ní wọ ọgbà àwọn láìsí ìwé àyẹ̀wò èéfín. Ọkọ̀ mi sì ń rú èéfín dúdú, pàápàá tó bá ń gun òkè. Mẹkáníìkì mi ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun á rẹ pọ́ǹpù sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, tí a bá ti gbàwé tán, òun á dá a padà síbi tó wà. Ṣé kí n gbà? Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wọ̀n nínú èéfín?
Ìyá Onípákó, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Ẹ má gbà.

Kì í ṣe torí pé ọwọ́ á tẹ̀ yín. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà yege lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì gbàwé yín. Ohun tó ń dùn mí ni pé èéfín yẹn ń jíṣẹ́ kan fún yín, mẹkáníìkì yín sì fẹ́ dì í lẹ́nu. Dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi owó yín rà ni dúdú tó ń jáde yẹn. Ó wọ inú ẹ́ńjìnnì, kò rí afẹ́fẹ́ tó tó láti bá a jó, ó di eruku dúdú bí èédú tí a lọ̀, ó gba sàlẹ́ńsà jáde.

Ìbéèrè yín kejì ni n ó kọ́kọ́ mú, torí láti ibẹ̀ ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ má gbà á ti máa yé yín.

Ẹ ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ rí ní ìdájí tí kùrukùru bo òkè lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó tanná, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Bí kùrukùru bá ṣe ki tó ni iná á ṣe bàìbàì tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń ṣiṣẹ́. Iná kékeré kan wà lápá kan rẹ̀, ohun tó ń wo iná náà wà lápá kejì, èéfín ọkọ̀ yín á sì gba àárín wọn kọjá. Bí gbogbo iná bá dé òdìkejì, òǹkà á jẹ́ 0. Bí kò bá sí èyí tó dé ibẹ̀ rárá, á jẹ́ 100. Ẹ̀rọ náà kò mọ òórùn, kò sì mọ̀ bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọkọ̀ lọ́dà ni. Bí èéfín ṣe ki tó nìkan ló mọ̀.

A kì í wọ̀n ọ́n lórí ìrìn. Wọ́n á fi wẹ́ẹ̀jì há táyà, jíà á wà ní fúrì, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, dírẹ́bà á tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wàì, títí ẹ́ńjìnnì á fi sáré dé ibi tí gọ́fánọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá ààlà, ti máa dá a dúró. Á dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì fi í sílẹ̀. Ìlànà SAE J1667 tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi gbọn eruku tó ti sùn sínú sàlẹ́ńsà dànù, kí wọ́n tó wá ṣe mẹ́ta tí wọ́n á kọ sílẹ̀. Ìpíndọ́gba mẹ́ta ìkẹyìn yìí ni èsì. Bí èyí tó ga jù nínú wọn bá fi ju 5 lọ ju èyí tó kéré jù, wọ́n á tún un ṣe.

Ẹ lè ní kí ló dé tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wàì bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ kò rẹrù, kò lè sọ òótọ́ ara rẹ̀. Ìgbà tí a bá pè é lójijì ni àléébù rẹ̀ máa ń jáde. Pọ́ǹpù lè da epo sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tọ́bò ní láti kọ́kọ́ yí dáadáa kó tó lè fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé. Láàárín àsìkò kékeré yẹn, epo ti dé, afẹ́fẹ́ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn tó ṣe irú pọ́ǹpù tó wà lára ọkọ̀ yín mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ohun kan sórí rẹ̀, ó dà bí ìdérí, ó ní rọ́bà fẹ́lẹ́ nínú, họ́ọ̀sì tín-ín-rín kan sì so ó mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ tọ́bò ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di pọ́ǹpù lọ́wọ́ mú, kó má tíì da epo kún títí afẹ́fẹ́ tọ́bò á fi dé.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bíi tiyín tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ẹnì kan ti fi sípánà kan ohun yìí. Dírẹ́bà ní ọkọ̀ kò fà mọ́ lórí òkè. Mẹkáníìkì yí súkúrù, epo pọ̀ sí i, ọkọ̀ fà, inú gbogbo èèyàn dùn. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó gba agbára ọkọ̀ náà lákọ̀ọ́kọ́.

Ní tiyín, Mọ́mì, mo ti ń fura sí i. Inú ọgbà sọ́míìlì ni ọkọ̀ yín ti ń di ẹrù. Ìyẹ̀rẹ̀ pákó tó ń fò níbẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun, tí ẹ bá wá fi eruku pupa ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kún un, kíá ni fílítà afẹ́fẹ́ á dí. Àwọn ọmọ mọ́tò á yọ ọ́, wọ́n á gbá a mọ́ táyà, páá, páá, wọ́n á dá a padà. Gbígbá yẹn máa ń ya bébà inú rẹ̀, iyanrìn á wá rí ọ̀nà dé inú ẹ́ńjìnnì, á sì máa họ ọ́. Ẹ ra fílítà tuntun. Ẹ rà á kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì ṣí ilé rẹ̀, kí ẹ nu inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù.

Lẹ́yìn fílítà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé ọ̀nà afẹ́fẹ́ láti tọ́bò títí dé ẹ́ńjìnnì. Nígbà kan, wọ́n gbé tírélà kan wá bá wa tí wọ́n ti pààrọ̀ nọ́súlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀, tí wọ́n ti tú pọ́ǹpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ tó ń rú bí ààrò. Họ́ọ̀sì íńtákúlà, ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ló ti là nísàlẹ̀, lẹ́bàá ibi tí kílíìpù ti dì í mú, níbi tí ojú kì í dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ á padé. Bí tọ́bò bá ti fẹ́, á lanu. A fi omi ọṣẹ pa á lára, a tẹ tọ́rọ́tù, ó hó. Họ́ọ̀sì kan péré ni. Mi ò gbàgbé bí ojú olówó ọkọ̀ yẹn ṣe rí, torí gbèsè ló fi ra àwọn nọ́súlù yẹn.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ bá parí ni kí ẹ tó kan nọ́súlù. Nọ́súlù tó dáa máa ń fọ́n epo bí ìrì ni. Èyí tó ti jẹ máa ń kán an tótó, epo tó bá sì kán kì í jó tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lórí ẹ̀rọ. Pọ́ǹpù ló kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ oní-kàlíbrésọ̀n tó ní bẹ́ńṣì ni kó sì lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi igò wọn epo tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀nà rẹ̀ ń dà. Ẹni tó ń fi etí gbọ́ pọ́ǹpù, kò burú, àmọ́ etí kò lè wọn epo.

Ẹ wá wo ohun tí mẹkáníìkì yín fẹ́ ṣe. Tó bá rẹ epo sílẹ̀, èéfín á dínkù lóòótọ́, torí epo náà á wá bá ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó ń wọlé mu. Fílítà tó dí ṣì dí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, tí ẹ bá di pákó tutù rù ú, kò ní lè gun òkè, dírẹ́bà á pariwo, mẹkáníìkì á wá dá súkúrù padà. Ibo ló máa dá a padà sí? Síìlì tí wọ́n fi dí súkúrù náà ti já, kò sí àmì, etí ló máa fi ṣe é, ó sì sábà máa ń kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Epo tó pọ̀ jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ èéfín nìkan. Ó ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, ó ń ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀, ọ́ìlì á sì di omi. Ooru rẹ̀ lórí òkè lè yọ́ orí písítìn. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì lọ́nà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, owó tí àwọn olówó wọn fi tún un ṣe kò jọ owó fílítà rárá.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí ẹ da kẹrosíìnì mọ́ dísẹ́ẹ̀lì kí èéfín lè mọ́, ẹ má dá a lóhùn. Dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń mú inú pọ́ǹpù yọ̀. Kẹrosíìnì kò yọ̀ tó o, irin á máa ha irin.

Ní ti ìwé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà èwo gan-an ni wọ́n fẹ́. Ìwé ọkọ̀-yẹ-lójú-ọ̀nà ti VIO jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ èéfín fúnra rẹ̀ ní òfin tirẹ̀ láti 2011, tó kan ọkọ̀ onípẹtiróòlù àti onídísẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ NESREA, àjọ tó ń mójú tó òfin àyíká, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá sílẹ̀ ní 2007. Ẹ béèrè òǹkà tí wọ́n fẹ́ pẹ̀lú, torí òǹkà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan á kọ ìdá nínú 100, òmíràn á kọ lẹ́tà k, ìyẹn bí èéfín ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó lórí mítà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òǹkà kékeré, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Ní Britain, ọkọ̀ ayé àtijọ́ tó ní tọ́bò kò gbọdọ̀ kọjá k 3.0, èyí tí kò ní tọ́bò kò gbọdọ̀ kọjá 2.5. Ìyẹn kì í ṣe ìdá 3 nínú 100 o! Lórí ẹ̀rọ tí iná ti ń rin sẹ̀ǹtímítà 43 nínú èéfín, k 2.5 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 66. Ní Kalifóníà ẹ̀wẹ̀, ìdá 5 ni òpin fún ọkọ̀ ńlá tó ní fílítà èéfín nínú sàlẹ́ńsà, ẹ́ńjìnnì tó dàgbà ju ti 1991 lọ ni wọ́n gbà láyè dé 40. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "15" ni wọ́n fẹ́, ẹ bi wọ́n pé 15 ti kí ni.

Tí ẹ bá máa ra ọkọ̀ mìíràn lọ́jọ́ iwájú, ẹ mọ̀ pé àwọn tuntun yàtọ̀. Wọ́n ní fílítà èéfín, wọ́n ní AdBlue, omi kan tí wọ́n ń fọ́n sínú èéfín, kọ̀ǹpútà wọn ni ẹlẹ́rọ sì ń kà, torí gáàsì olóró tí AdBlue ń pa kì í hàn lójú ẹ̀rọ oníná yẹn.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, èéfín dúdú ni. Bí ó bá funfun, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ wo omi radiétọ̀ yín bóyá ó ń dínkù, gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó. Bí ó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n n kò ní lè fò ó. Ní 2012, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Àwọn ọmọ mọ́tò yín ló ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀ láti júwe ọ̀nà tó bá ń padà sẹ́yìn. Àwọn ọlọ́kadà ló ń tẹ̀lé e lórí òkè, pẹ̀lú ọmọ iléèwé lẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, èmi kì í jẹ́ kí wọ́n dúró nídìí sàlẹ́ńsà mọ́ nígbà tí a bá ń dán ẹ́ńjìnnì wò, kí ọ̀gá dírẹ́bà yín náà kọ́ tiyín bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo omi, ẹ wo fáànù bẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jó ojú sàlẹ́ńsà tó bá ti lu. Kí dírẹ́bà wa ọkọ̀ náà dé Òṣú kó sì padà, kí ẹ́ńjìnnì gbóná dénú. Ẹ́ńjìnnì tútù á rú ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹ sì ti rí i dájú ṣáájú pé gọ́fánọ̀ ń dá ẹ́ńjìnnì dúró. Èyí tí gọ́fánọ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè fọ́ mọ́ ẹni tó dúró tì í.

Ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi lé mẹkáníìkì yín. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe. Ẹ mú un dání lọ sọ́dọ̀ oní-kàlíbrésọ̀n, kó dúró ti bẹ́ńṣì, kó fojú ara rẹ̀ rí iye epo tí pọ́ǹpù ń dà kí wọ́n tó tún un ṣe àti lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n fi síìlì tuntun dí súkúrù níwájú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ òǹkà náà sínú ìwé fún yín. Ẹ fi ìwé yẹn sínú ọkọ̀, lápò kan náà tí ìwé ọkọ̀ wà.