"Tọ̀ mí lẹ́yìn" ni, àbí "lépa mi"?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníwàásù kan sọ níbi ìsọjí pé nínú Orin Dáfídì 23:6, "ire àti àánú ni yóò máa tọ̀ mí lẹ́yìn", ohun tí Hébérù wí ni pé ire ń lé wa bí ọdẹ ṣe ń lé ẹran. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ni ẹni tí kò gbọ́ Hébérù ṣe lè yẹ irú èyí wò?

ÌDÁHÙN: Kò purọ́, ṣùgbọ́n ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà ni yirdefuni. R-d-f ni gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn "lépa". Yi- tó ṣáájú àti -u ń sọ fún wa pé "wọn yóò" ni, ire pẹ̀lú àánú. -Ni tó kẹ́yìn ni "mi". Ọ̀rọ̀ yìí náà ló wà ní Ẹ́kísódù 14:8, níbi tí Fáráò ti lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Bíbélì Yorùbá pàápàá mọ̀ ọ́n: "wá àlàáfíà, kí o sì lépa rẹ̀" (Orin Dáfídì 34:14), r-d-f kan náà ni. Lójú tiwa, "lépa" ì bá dára jù ní 23:6, torí ẹsẹ 5 ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àwọn ọ̀tá. Àwọn ọ̀tá ló sábà máa ń léni. Ire ló wá gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ti ọdẹ ńkọ́? 1 Sámúẹ́lì 26:20 ló ti lo r-d-f fún ẹni tó ń lé àparò lórí òkè. Kò sí ọdẹ kankan nínú Orin 23.

"Àánú" gan-an la ní ẹjọ́ sí. Chesed ni Hébérù pè é (inú ọ̀fun ni ẹ ti máa pe ch yẹn), oore tí ẹni tó bá ọ dá májẹ̀mú kò ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Òun ni Dáfídì bẹ Jónátánì fún ní 1 Sámúẹ́lì 20:8. Kì í ṣe ojú àánú tí a fi ń wo alágbe.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lo atọ́ka Strong, tó wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fún ọ̀rọ̀ Hébérù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: r-d-f ni 7291, chesed ni 2617. Ẹ ṣí ẹsẹ náà nínú Bíbélì King James tó ní nọ́ńbà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ wá ka ó kéré tán ibi mẹ́wàá tí nọ́ńbà yẹn ti jáde, nínú Bíbélì Yorùbá yín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á kó gbogbo ìtumọ̀ inú atọ́ka lé ẹsẹ kan lórí. 7291 tún lè jẹ́ "ṣe inúnibíni sí". Ẹ fi ìyẹn sínú 23:6, kí ẹ wo bí yóò ṣe rí! Gbòǹgbò nìkan sì ni nọ́ńbà ń fi hàn, kò ní fi yi- tàbí -ni hàn yín. Bí ẹ bá sì dé inú Bíbélì Hébérù, 34:15 ni ẹ ó ti bá 34:14, nítorí wọ́n ka àkọlé orin náà sí ẹsẹ kìíní.