Ewédú Mi Kọ̀, Kò Hù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé ayálégbé la wà ní Òkè-Baálẹ̀, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ gbogbo àgbàlá. Nígbà tí owó ẹ̀fọ́ fẹ́ ju owó ẹja lọ, mo bu yẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì mẹ́ta, mo wọ́n irúgbìn ewédú sí i. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, mẹ́rin péré ló hù. Ṣé yẹ̀pẹ̀ ni kò dáa ni, àbí ọwọ́ mi ni kò gba ọ̀gbìn? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀jìrẹ́ o. Ọwọ́ yín dára, yẹ̀pẹ̀ yín náà ò jẹ̀bi. Ewédú gan-an ló lágídí. Èèpo hóró rẹ̀ le, omi kì í tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Bí a bá wọ́n ọn sílẹ̀ lásán, díẹ̀ á hù, èyí tó pọ̀ á máa sùn nínú ilẹ̀. Omi gbígbóná la fi ń jí i.

Bí mo ṣe ń ṣe é lẹ́yìnkùlé mi ní Ayétòrò nìyí. Mo máa ń bu irúgbìn ṣíbí kékeré kan sínú àkísà funfun tó fẹ́lẹ́, mo á so ó bí ìgbà tí èèyàn so owó métí ìró. Bí omi bá ti hó, mo á sọ ìkòkò kalẹ̀, mo á ri aṣọ náà bọ̀ ọ́, mo á sì máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Ó tó. Mo á yọ ọ́, mo á jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ o, kó má lọ jinná. Tí ẹ bá tú aṣọ náà, ẹ ó rí i pé àwọn hóró tó gbẹ tẹ́lẹ̀ ti dúdú, wọ́n ń dán, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ tẹ́ wọn sábẹ́ òjìji kí omi ara wọn gbẹ, kí ẹ wá pò wọ́n mọ́ yanrìn gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì, kí wọ́n má baà dà síbì kan bí ẹ bá ń wọ́n ọn. Agolo tí ẹ fi ìṣó dá ìdí rẹ̀ lu ni kí ẹ fi bomi rin ín. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó yẹ kó ti yọrí. Àpò yẹn náà, ṣé ẹ lu ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò jáde? Ó ṣe pàtàkì.

Ẹnìkan lè ní kí ẹ lọ pọn omi Ọ̀ṣun fún un. Láti ìgbà tí àwọn awakùsà góòlù ti sọ odò wa di ẹrẹ̀, mi ò fi í bomi rin ohun tí a ó jẹ mọ́. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́. Omi kànga tàbí omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì dáa.

Bí ẹ bá fẹ́ ká ewédú, ẹ má fà á tu. Ẹ gé e, kí ẹ ṣẹ́ ìbú ọwọ́ méjì kù nílẹ̀, ẹ̀ka á tún yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, gbúre ni ǹ bá ní kí ẹ kọ́kọ́ gbìn. Nígbà kónílé-ó-gbélé 2020, ọjà kò ná, ọkọ̀ kò rìn, irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tí ẹnìkan tà fún mi sì ti kú, ẹyọ kan kò hù. Igi gbúre mẹ́fà tí mo ti já ewé orí rẹ̀ sọ́bẹ̀, tí mo fẹ́ dànù, ni mo gún sínú abọ́ ìfọṣọ tó ti là nídìí. Oṣù kejì kò tíì parí tí mo fi ń já a fún ará ilé. Torí náà, bí ẹ bá ra gbúre ní Ọjà Ọba, igi rẹ̀ ti di irúgbìn nìyẹn. Tòmátò ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ ná. Àìsàn rẹ̀ pọ̀, ó sì lè já ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kulẹ̀.

Ìbéèrè: Mà, mo da ìgbẹ́ adìyẹ sídìí tẹ̀tẹ̀ mi kó lè tètè dàgbà. Lọ́jọ́ kẹta, etí ewé rẹ̀ ti jó. — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Fíà

Ìdáhùn: Ọmọ mi, tútù lo bù ú, àbí? Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń gbóná, ó sì ń jó gbòǹgbò. Kó o jọ síbì kan, wọ́n omi sí i, bò ó, máa yí i lóòrèkóòrè fún bí oṣù kan sí méjì, títí kò fi ní gbóná mọ́ tí kò sì ní rùn mọ́. Ìgbà yẹn ni wàá bu agolo kan rẹ̀ mọ́ agolo yẹ̀pẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó o tó gbin nǹkan kan sí i. Ní báyìí, rọra ha èyí tó wà nídìí rẹ̀ kúrò, kó o bomi sí i dáadáa. Wo ọ̀mùnú àárín rẹ̀. Bó bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, yóò yè. Bó bá ti rọ, fà á tu, kó o wọ́n òmíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wàá ti máa ká a.