Ìbéèrè Yín Lórí Bọ́gà: Ẹ Má Da Ẹran Yẹn Láàmú

Ẹ kú ojúlọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti sọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé bọ́gà tá a fọwọ́ ara wa ṣe nílé lè dùn ju èyí tá a lọ rà lọ, lẹ́tà yín ò jẹ́ kí n sinmi. Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú èyí tó pọ̀ jù ni pé aápọn wa ló ń ba bọ́gà jẹ́, à ń pò ó, à ń fi tibí kún un, à ń fi tọ̀hún kún un, à ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, bẹ́ẹ̀ ẹran ọ̀hún ò fẹ́ ju kó ní ọ̀rá tó tó, kó tutù, kó rí iyọ̀ lójú, kó sì bọ́ sórí iná tó gbóná dáadáa.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bọ́gà mi máa ń le bíi rọ́bà, téèyàn bá gé e jẹ á fẹ́ ta padà. Mo sì ń ṣe wàhálà lé e lórí o! Ẹyin méjì, búrẹ́dì rírún, àlùbọ́sà, iyọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń fi sí i látalẹ́ kó lè wọnú ẹ̀, màá wá pò ó títí tá á fi dì dáadáa. Ibo ni mo ti ṣì í? (Ìyá Ìbejì)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ ti fúnra yín dáhùn ẹ̀, ẹ ní ẹ fi iyọ̀ sí i látalẹ́, ẹ tún pò ó títí tó fi dì. Àwọn pùròtéènì kan wà nínú ẹran tó jẹ́ pé iyọ̀ ló máa ń yọ́ wọn, tí wọ́n bá sì ti yọ́ wọn á máa fà mọ́ra wọn bíi gọ́ọ̀mù, téèyàn bá wá ń pò ó lẹ́yìn ìyẹn, á so pọ̀ pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sọ́séèjì gan-an nìyẹn, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí sọ́séèjì fi máa ń ta padà sí eyín. Ó dáa fún sọ́séèjì, àmọ́ bọ́gà ò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló yẹ kó tú wẹ́rẹ́ sí yín lẹ́nu.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ ìbí ọmọ mi kan, mo po ẹran tó máa tó èèyàn méjìlá látalẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́ ni mo fi ṣe é, nígbà tó di pé wọ́n jẹun tán mo rí i pé àwọn ọmọ jẹ búrẹ́dì, wọ́n jẹ ṣíìsì, wọ́n sì fi ẹran sílẹ̀ lórí àwo. Ó dùn mí gan-an. Lọ́sẹ̀ kejì mo wá pín ẹran kan náà sí méjì, mo fi iyọ̀ sí apá kan mo pò ó bí mo ṣe máa ń pò ó, èkejì mi ò pò ó rárá, iyọ̀ ojú ẹ̀ nìkan ni mo wọ́n sí i nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ páànù. Páànù kan náà, iná kan náà. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì, inú èyí tí mo pò ń dán, ó dì gbagidi, kò sí àlàfo kankan nínú ẹ̀, àmọ́ inú èkejì rí bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, ó rí wúruwùru, omi ẹran pẹ̀lú ọ̀rá sì ń sun jáde láàárín ẹ̀. Látọjọ́ yẹn ni mi ò ti pò ó mọ́.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹyin àti búrẹ́dì rírún yẹn, ẹ yọ wọ́n kúrò. Àlùbọ́sà náà, omi ara ẹ̀ máa ń jáde tí iná bá ti kàn án, ibi tó bá wà ni ẹran á ti máa ya, orí bọ́gà ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe inú ẹran. Ẹ mú ẹran lílọ̀ jáde nínú fíríìjì nígbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán láti dín in, ẹ bu nǹkan bíi gíráàmù 150 sí 180 fún ẹnì kan, ẹ rọra gbá a jọ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí bí ẹran yẹn ṣe jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ látinú ẹ̀rọ, tí etí ẹ̀ sì la díẹ̀ níbì kan níbì kan, ẹ má tún un ṣe o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Iyọ̀ àti ata dúdú, ẹ wọ́n ọn sójú àti sẹ́yìn nígbà tí páànù bá ti gbóná, ẹ má sì fi ahun wọ́n ọn, torí ara nìkan ló wà, kò sí nínú.

Mo máa ń sọ fún alápatà pé kó yọ gbogbo ọ̀rá kúrò torí ìlera, àmọ́ ẹran mi máa ń gbẹ. Ẹran wo gan-an ni kí n rà? Ṣé mo lè fúnra mi lọ̀ ọ́? (Bọ̀dá tó ń dá gbé)

Bọ̀dá, ọ̀rá tẹ́ ẹ ní kí wọ́n yọ yẹn náà ni omi tẹ́ ẹ ń wá. Bọ́gà tó dùn máa ń ní ọ̀rá tó tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹran gidi ló máa jẹ́ 80 tó kù. Tó bá ti wá sí 10, bẹ́ ẹ ṣe wù kẹ́ ẹ dín in, á gbẹ. Tó bá jẹ́ torí ìlera ni, ohun tí mo máa sọ ni pé kẹ́ ẹ ṣe é kéré, kẹ́ ẹ má sì máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó sàn ju kẹ́ ẹ jẹ èyí tó gbẹ táútáú lọ. Ẹran èjìká màlúù ló dáa jù lójú mi, torí òun fúnra ẹ̀ ti máa ń ní ọ̀rá tó ìwọ̀n yẹn, adùn ẹ̀ sì jinlẹ̀. Ẹlòmíì máa ń fi ẹran àyà díẹ̀ pò mọ́ ọn, ìyẹn náà dáa.

Ẹ lè fúnra yín lọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ gé e sí kéékèèké, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ kẹ́ ẹ gbé e sí fírísà fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí tí etí ẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í le, àmọ́ kó má di yìnyín. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà àti irin oníhò iwájú ẹ̀, ẹ kó wọn sí fírísà. Ìdí ni pé ọ̀rá tó tutù máa ń gé wẹ́wẹ́, èyí tó ti gbóná ńṣe ló máa ń fà bí ìpara, á kun ara ẹ̀rọ àti ara ẹran, nígbà tó bá wá dé orí iná, gbogbo ẹ̀ á ṣàn jáde. Ẹ lo ihò tó fẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ò bá ní ẹ̀rọ, ọ̀bẹ mímú pẹ̀lú pákó ìgẹ́ran náà á ṣe é, ó kàn máa gba àsìkò ni.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má fi ṣíbí pẹlẹbẹ tẹ bọ́gà lórí iná mọ́, pé omi ara ẹ̀ ló ń lọ. Àmọ́ mò ń rí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí tiwọn sì dà bíi pé ó dùn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? (Ọmọ Yunifásítì)

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú! Òótọ́ lọ̀rẹ́ ẹ sọ, òótọ́ sì ni tàwọn yẹn náà, ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló yàtọ̀. Àwọn tó ò ń rí yẹn, ẹran róbótó kékeré bíi gíráàmù 60 sí 90 ni wọ́n máa ń jù sínú páànù tó ti gbóná gan-an, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ kó fẹ́lẹ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tó pé. Ọ̀rá inú ẹ̀ ṣì tutù nígbà yẹn, kò tíì yọ́, kò sóhun tó máa ṣàn. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí gbogbo ojú ẹran kan irin gbígbóná, kó lè ní èèpo aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń ta sánsán yẹn. Àmọ́ tí ìṣẹ́jú kan bá ti kọjá, ọ̀rá ti yọ́, omi ti ń rìn, títẹ̀ tó o bá tún tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, adùn lò ń fún dà sínú iná. Ariwo ṣáá tó ń dún yẹn ni adùn tó ń lọ.

Jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa èèpo yẹn torí òun gan-an ni bọ́gà. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis Camille Maillard, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1912, bí ooru ṣe máa ń mú kí pùròtéènì àti ṣúgà inú oúnjẹ para pọ̀ di àwọ̀ tuntun, òórùn tuntun, adùn tuntun. Ó máa ń yá dáadáa tí ojú ẹran bá ti gbóná tó nǹkan bíi 140°C. Omi ò sì lè gbóná kọjá 100°C, torí náà tójú ẹran bá ṣì ń tutù rinrin, tàbí páànù ò gbóná tó, ńṣe ni ẹran á máa bọ̀ nínú omi ara ẹ̀, á di àwọ̀ eérú. Fi tíṣù nu ojú ẹran, lo páànù onírin tó wúwo, jẹ́ kó gbóná títí tí èéfín díẹ̀ á fi máa jáde, má sì kó bọ́gà mẹ́fà sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà torí wọ́n á pa ooru ẹ̀. Tó o bá ti gbé ẹran sí i, fi í sílẹ̀. Á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ páànù, má fà á, tí èèpo ẹ̀ bá ti jinná òun fúnra ẹ̀ á jọ̀wọ́ páànù sílẹ̀. Wàá rí i tí etí ẹ̀ á máa pọ́n lọ sókè, omi pupa kéékèèké á sì máa yọ lójú ẹ̀ bí òógùn, ìgbà yẹn ni kó o yí i.

Tèmi máa ń wú láàárín bíi bọ́ọ̀lù, á tún súnkì débi pé búrẹ́dì á tóbi jù ú lọ. (Àbíkẹ́)

Àbíkẹ́, iṣan tó wà nínú ẹran máa ń fà wọlé tí ooru bá kàn án, etí ẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń gbóná, ó wá ń fún àárín mọ́ bíi bẹ́líìtì, àárín ò rí ibòmíì lọ ju òkè. Ṣe é kó fẹ̀ ju búrẹ́dì lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan yíká, kó o sì fi àtàǹpàkò tẹ kòtò díẹ̀ sáàárín ẹ̀ kó tó wọ páànù. Ó tán.

Ọkọ mi fẹ́ràn kí àárín ẹran ṣì pupa. A lọ́mọ ọlọ́dún mẹ́rin. Ṣé mo lè fún un nínú ẹ̀? (Màmá Ẹniọlá)

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹran tó wà lódindi, ara ẹ̀ níta ni kòkòrò àìsàn máa ń wà, iná á sì pa á. Ẹran lílọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ti kó ohun tó wà níta wọnú. Lọ́dún 1993 ní Amẹ́ríkà, èèyàn tó lé ní 700 ló ṣàìsàn nítorí bọ́gà tí ò jinná tó, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní E. coli O157:H7 ló fà á, ọmọdé mẹ́rin ló sì kú. Àwọn ọmọdé ni kòkòrò yìí máa ń bá jà jù, ó lè ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà là kalẹ̀ fún ẹran màlúù lílọ̀ ni 71°C, tó bá jẹ́ adìyẹ tàbí tòlótòló, 74°C ni. Ẹ má fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n, torí ẹran lè ti dúdú nínú kó má tíì dé ìwọ̀n yẹn, ó sì lè dé e kó ṣì pọ́n díẹ̀. Ẹ ra tẹmómítà oúnjẹ, ẹ gún un láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín. Bọ́gà tó ní ọ̀rá tó, tẹ́ ò pò jù, máa ń ní omi nínú ní 71°C, mo ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, torí náà bàbá wọn náà ò ní pàdánù nǹkan kan tẹ́ ẹ bá jọ jẹ ọ̀kan náà.

Búrẹ́dì mi máa ń rọ̀ já sí mi lọ́wọ́ kí n tó jẹ ẹ́ dé ìdajì. (Túndé)

Kun bọ́tà sí inú búrẹ́dì níbi tó o ti là á, kó o dojú ẹ̀ dé páànù títí tá á fi pọ́n, ìyẹn ò ní jẹ́ kí omi tètè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kun máyónéèsì sí ti ìsàlẹ̀, torí ọ̀rá inú ẹ̀ máa ń dínà omi, tẹ́ ewé lẹ́tùùsì lé e, kí ẹran tó bọ́ sórí ẹ̀. Tòmátò, gé e, wọ́n iyọ̀ sí i, tẹ́ ẹ sórí tíṣù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnu á yà ẹ́ sí omi tó máa jáde. Bọ́gà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná náà, jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kó o tó gbé e sórí búrẹ́dì. Tó o bá fẹ́ ṣíìsì, fi í lé ẹran nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú kan, ta omi ṣíbí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù, dé e ní kíá, èéfín ẹ̀ á yọ́ ọ wálẹ̀ dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú hámbọ́gà ni, torí "ham" tó wà níbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀? (Alhaja)

Rárá o, Alhaja. Orúkọ ìlú ni, Hamburg, ìlú èbúté ńlá kan ní Jámánì. Ẹran màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ṣé mo lè ṣe púpọ̀ kí n kó o pa mọ́? (Ìyàwó Ilé)

Ẹ lè ṣe é dáadáa. Nínú fíríìjì, ẹran lílọ̀ ò yẹ kó kọjá ọjọ́ kan sí méjì, fírísà ló yẹ ẹ́. Ẹ mọ ọ́n pẹlẹbẹ láìfi iyọ̀ sí i, ẹ fi bébà ìyan-nǹkan sáàárín ọ̀kan sí èkejì kí wọ́n má bàa lẹ̀ pọ̀, ẹ kó wọn sí ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, ẹ kọ déètì sí i lára. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tẹ́ ẹ máa dín in, ẹ gbé e bọ́ sí fíríìjì kó yọ́ díẹ̀díẹ̀ di àárọ̀, ẹ má gbé e sórí tábìlì, ẹ wá nu omi ojú ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ sí i.