Ṣé Wix ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìkànnì ayélujára (website) ni mò ń ṣe fún àwọn oníṣòwò ní Táíwò, n'Ílọrin. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì ní ọmọ òun ti fi Wix, ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ́ ìkànnì fúnra rẹ̀ lórí ayélujára, ṣe tiwọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣé kí n wá iṣẹ́ mìíràn ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, fara balẹ̀. WordPress, ohun èlò mìíràn tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ti wà láti 2003, Wix láti 2006. Mo sì fura pé WordPress ni ìwọ náà fi ń ṣiṣẹ́! Ìkànnì olójú-ewé mẹ́ta, tí kò ju àwòrán aṣọ àti nọ́ńbà WhatsApp lọ, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Má bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n bi ìyá yẹn bóyá Wix ti ọ̀fẹ́ ni wọ́n lò. Ìpolówó Wix ló máa ń wà lórí ti ọ̀fẹ́, wọn ò sì lè lo àdírẹ́sì ìkànnì tara wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kúrò lọ́la, ìkànnì náà ò ṣeé gbé lọ síbòmíràn bó ṣe wà. Àtúnṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni kí o dúró dè wọ́n. Èmi náà fọwọ́ ara mi ṣe ọ̀kan rí. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó mọ̀ pé kò ṣeé kà lórí fóònù. Mo sanwó fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.