Ta ló ni àdúgbò wa, APC àbí PDP?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Òkè-Fìà l'Óṣogbo là ń gbé, bàbá onílé wa ní àdúgbò APC ni, àwọn ọmọ tó ń ṣe POS níwájú ilé ní irọ́ ni, PDP ni. Ta ni ká gbàgbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn jàre. Ẹ wo ìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti 2018 ná, Adeleke tó díje lábẹ́ PDP fi ìbò 353 péré ṣíwájú Oyetola ti APC, INEC ní kí wọ́n lọ tún un dì ní yúnìtì ìdìbò méje, ọ̀kan ń'bẹ̀ sì wà l'Óṣogbo níbí, ni Oyetola bá fi 482 wọlé. Nígbà tó di 2022 Adeleke gbà á padà, 403,371 sí 375,027. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó oṣù ló wà ń'bẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kún ìlú yìí, ẹni tó ti gba àbọ̀ owó oṣù rí lábẹ́ ìjọba APC ò ní gbàgbé bọ̀rọ̀. Tàdúgbò yín gan-an, èsì yúnìtì yín ni kẹ́ ẹ lọ wò lórí IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé èsì yúnìtì sí, fóònù ti tó o. Àmọ́ ẹ sanwó ilé tán kẹ́ ẹ tó fi han bàbá.