Kí ló dé tí gíráàfù modulus fi ń ṣẹ́ bíi lẹ́tà V?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní SS2. Wọ́n ní kó ya gíráàfù y = |x − 3| − 2, láti x = −2 títí dé x = 8. Ìlà gbọọrọ kan ló yà, olùkọ́ wọn sì fi bírò pupa fagi lé e. Ó tún un yà, ìdí rẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdí abọ́, wọ́n tún fagi lé ìyẹn náà. Ó wá bi mí pé kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi irú nǹkan báyìí ṣe, n kò rí èsì fọ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Inú mi dùn pé ẹ ní ẹ̀yin náà fẹ́ gbọ́, torí iṣẹ́ ọwọ́ yín gan-an ni màá fi ṣàlàyé apá kan nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, àṣìṣe méjì tí ọmọ yín ṣe yìí ni mo sì máa ń rí jù lọ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé.

Kó tó mú pẹ́ńsù, ẹ ní kó ka nọ́ńbà Yorùbá sí yín létí. Kí ni à ń pe 16? Ẹẹ́rìndínlógún: ẹ̀rin ló dín kó tó pé ogún. 24 ńkọ́? Ẹẹ́rìnlélógún: ẹ̀rin ló fi lé lórí ogún. Ọ̀kan kò tíì dé ogún, ọ̀kan ti kọjá rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rin kan náà ló wà nínú orúkọ àwọn méjèèjì. “Dín” àti “lé” ló ń sọ ìhà tí nọ́ńbà wà. “Ẹ̀rin” ló ń sọ bó ṣe jìnnà sí ogún tó. Ohun tí modulus ń ṣe, èyí tí àwọn ìwé mìíràn ń pè ní absolute value, ni pé ó ń mú “dín” àti “lé” kúrò, ó ń fi “ẹ̀rin” nìkan sílẹ̀. |16 − 20| jẹ́ 4. |24 − 20| náà jẹ́ 4. Ará Jámánì kan, Karl Weierstrass, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá méjì tó nàró yẹn kọ ọ́ ní 1841, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ wà nínú bí àwọn baba wa ṣe ń kà.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá rí |x − 3|, kó má ṣe kà á pé “yọ 3 kúrò lára x” kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Kó bi ara rẹ̀ pé: báwo ni x ṣe jìnnà sí 3 tó? Bí x bá wà lórí 3 gan-an, kò jìnnà rárá, òdo ni. Bó bá gbé ìṣísẹ̀ kan sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìjìnnà di 1. Ìṣísẹ̀ méjì, ó di 2. Ìhà yòówù kó kọjú sí, bákan náà ló ń jìnnà. Ìdí nìyẹn tí apá méjèèjì fi ń gòkè lọ́gbọọgba, tí gíráàfù náà sì dà bíi V.

Ẹ wo ìlà gbọọrọ tó kọ́kọ́ yà. Ṣe ló gbójú fo ọ̀pá méjì yẹn, ó ṣírò x − 3 − 2, ìyẹn x − 5. Kó mú x = −2 kó fara balẹ̀ ṣe é. −2 − 3 jẹ́ −5. Ọ̀pá méjì náà yóò mú àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 5 dànù, ó ku 5. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan 2 tó wà lóde ọ̀pá: 5 − 2 = 3. Bó bá ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àtẹ rẹ̀ yóò rí báyìí:

x: −2, −1, 0, 1, 2, 3, 4, 5, 6, 7, 8
y: 3, 2, 1, 0, −1, −2, −1, 0, 1, 2, 3

Kó ka ìlà kejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tún kà á láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni yóò bá a. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ti wọ ibì kan.

Èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ńkọ́? Ó dá mi lójú pé ṣe ló ń fo nọ́ńbà ní méjì-méjì: −2, 0, 2, 4, 6, 8. Lórí 2, y jẹ́ −1. Lórí 4, y tún jẹ́ −1. Ó fi rúlà so àmì méjèèjì pọ̀, ìdí V bá gé. Kò ṣírò irọ́ kankan o. 3 tí gíráàfù ti ṣẹ́ ni kò sí nínú àtẹ rẹ̀. Kí ọmọ máa kọ́kọ́ wá ibi tí inú ọ̀pá ti di òdo, kó fi nọ́ńbà yẹn sáàárín àtẹ, kó tó mú àwọn tó kù ní ọ̀tún àti òsì. Níbí, x − 3 di òdo nígbà tí x jẹ́ 3. Tó bá jẹ́ |x + 3| ni, −3 ni ì bá jẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń ṣì í, tí wọ́n ń gbé V sórí 3. Kó má sì ṣe rọ ìdí rẹ̀ róbótó bíi U. Ṣóńṣó ni kó mú un.

Àwọn ọmọ kan tún máa ń bẹ̀rù láti gbé gíráàfù náà sábẹ́ ìlà tó dùbúlẹ̀ (x-axis), nítorí wọ́n ti gbọ́ pé modulus kì í dín ní òdo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín ọ̀pá méjì nìkan ni òfin yẹn mú. 2 tí a yọ lóde ló fa gbogbo V wálẹ̀, tí ìdí rẹ̀ fi wà ní (3, −2).

Ẹ̀yin gan-an lè fi aṣọ hàn án, mà. Kó ya ìlà gbọọrọ y = x − 3 sórí ìwé. Yóò gba orí 3 kọjá, apá òsì rẹ̀ yóò sì rì sábẹ́ ìlà tó dùbúlẹ̀. Kó wá ká apá tó rì yẹn sókè bí ẹ ṣe ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, kí ìlà tó dùbúlẹ̀ jẹ́ ojú ìká. |x − 3| ti jáde nìyẹn. Kó fà á wálẹ̀ ní ìwọ̀n 2, iṣẹ́ parí. Tí nọ́ńbà tó ju 1 lọ bá wà níwájú ọ̀pá, bíi 2|x − 3|, apá V yóò ga kíákíá, ẹnu rẹ̀ yóò sì fún. Tó bá jẹ́ àmì ìyọkúrò ló wà níwájú, V yóò dorí kodò. Bí dátà bá wà lórí fóònù yín, kó kọ abs(x-3)-2 sínú Desmos, ìkànnì tó ń ya gíráàfù, kó fi wé tirẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ yà á tán.

Ó kan ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ká ní ọmọṣẹ́ yín rán ṣòkòtò mẹ́ta tó yẹ kí ìbàdí wọn jẹ́ íǹṣì 32. Ẹ na téèpù sí i: ọ̀kan jẹ́ 31, ọ̀kan 32, ọ̀kan 33. Bó bá ro àṣìṣe rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan tó dín àti ọ̀kan tó lé yóò pa ara wọn jẹ, yóò sì sọ fún yín pé òdo ni àṣìṣe òun. Ẹ̀yin mọ̀ pé oníbàárà méjì ń bọ̀ wá jà. Modulus kò ní jẹ́ kí dín pa lé jẹ: 1 + 0 + 1 jẹ́ 2, àṣìṣe rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá sì sọ fún un pé ẹ ò lè gbà ju ààbọ̀ íǹṣì lọ, |w − 32| ≤ 0.5 lẹ sọ yẹn, w ni ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò náà. Kí ọmọ yín ya V tí ìdí rẹ̀ wà lórí 32, kó fa ìlà ìbú kan ní gíga 0.5. Ìlà náà yóò gé V ní 31.5 àti 32.5. Ṣòkòtò tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì, ẹ gbé e fún olówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń yẹ ìwọ̀n omi inú ọ̀rá àti irin ọkọ̀ wò ní ilé iṣẹ́ ńlá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti omi ẹ̀rọ. Ilé mẹ́ta wà ní òpópónà kan tó tọ́: ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní mítà 20, ọ̀kan ní mítà 100. Níbo ni ká ri ẹ̀rọ omi sí, kí àpapọ̀ ìrìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè kéré jù? Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò sáré wá average, ìyẹn mítà 40. Ẹ ṣírò rẹ̀: 40 + 20 + 60 jẹ́ 120. Ẹ wá gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé àárín, ní 20: 20 + 0 + 80 jẹ́ 100. Láti ibẹ̀, bí ẹ bá fi mítà kan sún un sọ́dọ̀ ilé tó jìnnà, ẹnì kan ló jèrè mítà kan, àwọn méjì ló pàdánù mítà kọ̀ọ̀kan. Kódà bí ilé ìkẹta bá wà ní mítà 1000, ilé àárín náà ni ẹ̀rọ yóò ṣì wà. Kí ọmọ yín ya y = |x| + |x − 20| + |x − 100|. V mẹ́ta ló dà pọ̀ yẹn: yóò ṣẹ́ ní 0, yóò ṣẹ́ ní 20, yóò ṣẹ́ ní 100, ìdí rẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù yóò sì wà lórí 20 gan-an. Bó bá yà á tán tí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi àtẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wá ibi tó ti ṣì í.