Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ní ìtàn nínú: èwo ni kí n kà?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ràn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gan-an, àwọn tí wọ́n á ti pa èèyàn níbẹ̀rẹ̀ tá ò sì ní mọ ẹni tó pa á, àmọ́ èyí tó jẹ́ ìbọn ṣáá ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló wà tí mo máa fi mọ ìtàn àti àṣà ìlú? Yorùbá o, Gẹ̀ẹ́sì o, èyíkéyìí. – Olùkàwé yín, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, tó ò bá tíì ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, má tíì lọ síbì kankan, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú ẹ̀, Yorùbá ibẹ̀ sì dùn débi pé wàá máa kà á sókè. Àgbàlagbà Akàn (1971) ló tẹ̀ lé e, Lápàdé náà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá My Name Is Red tí Orhan Pamuk ará Tọ́kì kọ. Istanbul lọ́dún 1591 ni. Wọ́n pa ayàwòrán kan jù sí kànga, òkú ẹ̀ gan-an ló sì kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀! Sultan ló ní kí wọ́n ṣe ìwé kan ní bòókẹ́lẹ́, kí wọ́n ya àwòrán inú ẹ̀ bíi tàwọn òyìnbó Venice, ló bá dìjà, torí àwọn kan gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ya ojú ẹni bó ṣe rí gẹ́lẹ́, pé bí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ṣe ń yà á ló yẹ ká máa yà á. Imú ẹṣin kan tí wọ́n yà sórí bébà ni wọ́n ń yẹ̀ wò fínnífínní, tí wọ́n ń fi wé iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ apààyàn. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́! Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ jù nìyẹn, tó o bá yọ àṣà wọn kúrò, kò tún sídìí tí wọ́n fi máa pa ẹnikẹ́ni. Ìwé ńlá ni o, má kánjú.

Èyí tó sún mọ́lé ni Wife of the Gods (2009) tí Kwei Quartey, dókítà ọmọ Gánà, kọ. Darko Dawson, ọlọ́pàá, kúrò ní Accra lọ sí Ketanu torí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tó kú, ibẹ̀ ló ti kan ọ̀rọ̀ trokosi, àwọn ọmọbìnrin tí ẹbí ń fà lé olórìṣà lọ́wọ́ torí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíì dá. Inú bí mi gan-an nígbà tí mò ń kà á, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀. Má fún ọmọ kékeré kà o.